POP ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ẹsẹ̀ ọmọ oní-SMA tó ti kákò: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àkànkẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Àkànkẹ́ mi pé ọmọ ọdún méje lóṣù tó kọjá. SMA oríṣi kejì, àìsàn àbímọ́ tó ń mú iṣan rọ, ni wọ́n pè é fún wa ní UCH, ọsibítù ńlá Ìbàdàn. Ó ń dá jókòó, kò rìn rí, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń sáré nínú ilé yìí. Láti bí ọdún kan báyìí ni mo ti ń kíyè sí i pé gìgísẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀ mọ́. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọjú sílẹ̀ bíi ti ẹni tó ń nàgà wo orí àjà. Bàtà tí mo rà fún un ní Kérésìmesì kò wọ̀ ọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yí padà.

Físíò wa ní ká ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní serial casting. Wọ́n á fi POP, báńdéèjì funfun tó máa ń le gbagidi tí wọ́n fi ń di egungun tó dá, sí ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tú u lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á na ẹsẹ̀ náà sí i díẹ̀, wọ́n á tún fi òmíràn sí i, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìyá ọkọ mi gbọ́, wọ́n ní: "Ọmọ tí egungun rẹ̀ kò dá, kí lẹ fẹ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀ sí?" Mi ò rí èsì fún wọn.

Ṣé ó ń dun ọmọ? Báwo lẹ ṣe ń wẹ̀ fún un? Ilé-ìwé ńkọ́? Ẹni tó bá ti là á kọjá, ẹ sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí gan-an, ẹ má fọ̀rọ̀ bò.

Màmá Kẹ́hìndé, Sábó

Ìyá Àkànkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Ẹ bá mi kí màmá. Ìyá ọkọ tèmi tún le ju tiyín lọ, ìdílé tèmi ni wọ́n ní nǹkan yìí ti wá. Dókítà ló wá là á yé gbogbo wa pé bàbá àti ìyá ló jọ gbé e wá, jíìnì SMN1 tó ní àbùkù, ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò ní àìsàn náà. Táíwò mi kò ní in, Kẹ́hìndé ní in. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹnu ti pa mọ́ nílé wa. Ẹ jẹ́ n padà sórí POP.

Eékún ni wọ́n ṣe fún Kẹ́hìndé, láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọn ò gún un lábẹ́rẹ́, wọn ò fún un lóògùn oorun. Físíò fi ọwọ́ na ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé ibi tó ti ń le, ó wá dẹ̀ ẹ́ padà bíńtín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wé òwú mọ́ ọn, wọ́n kó òwú sí i dáadáa níbi egungun ti yọ, kí wọ́n tó ki POP bọ omi, kí wọ́n sì wé e. Ẹ tètè sọ fún Àkànkẹ́ pé POP máa ń gbóná bó bá ti ń le. Kò sẹ́ni tó sọ fún Kẹ́hìndé, ó rò pé wọ́n ń sun òun ní iná, ó ké gbogbo wọ́ọ̀dù jí.

Alẹ́ àkọ́kọ́ kò sùn. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, ó ti gbàgbé pé nǹkan kan wà lẹ́sẹ̀ òun, àfi kó máa yún un. Yíyún yẹn gan-an ni ìyà. Oṣù kẹta ọdún ni, ẹ mọ òòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣù kẹta, kò sì síná. Ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún, mo gbọ́ tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín kúlẹ́kúlẹ́ nínú yàrá. Táíwò ti fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, ó tì í bọ inú POP, ó ń bá èkejì rẹ̀ họ ẹsẹ̀. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ìgbálẹ̀ ti dá sínú. Ilẹ̀ mọ́ a gba ọsibítù lọ, wọ́n gé POP, ìgbálẹ̀ ti ya awọ ara. Wọn ò lè fi POP mìíràn lé egbò, bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe ṣòfò nìyẹn. Ẹ kó gbogbo ìgbálẹ̀, rúlà àti bírò kúrò nítòsí o. Tó bá ń yún un, fáànù ni, tàbí kẹ́ ẹ fi ìka kan POP níta kọ̀kọ̀kọ̀, ó máa ń rọ̀ ọ́ díẹ̀.

Ìgbà máńgòrò náà sì ni. Omi máńgòrò ti ro sí etí POP lọ́sàn-án, n ò rí i. Lóru ni ọmọ figbe ta, eèrà ti tò wọlé. Láti ìgbà náà, tówẹ̀lì ní itan ni a fi ń jẹ máńgòrò.

Ní ti ìwẹ̀, aṣọ rírẹ ni mo fi ń nu ún lára. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rá tí wọ́n ń so mọ́ POP, omi ń wá ọ̀nà wọlé. Ilé-ìwé, ó lọ lójoojúmọ́. Gbogbo kíláàsì kọ orúkọ wọn sára POP.

Físíò Àdúgbò

Mo kí gbogbo ilé. Iṣẹ́ físíò ni mo ń ṣe, agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ yìí náà ni. N kò tíì rí Àkànkẹ́, nítorí náà ẹni tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀. Ohun tó kárí gbogbo wọn ni mo máa sọ.

Èsì fún ìyá ọkọ Ìyá Àkànkẹ́ rèé. Iṣan tó bá pẹ́ ní kíká, ó máa ń kúrú sí ibi tó ká sí, awọ tó bo oríkèé náà á sì sún kì. Ọmọ tó ń sáré kiri ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún lójúmọ́ láì mọ̀. Ọmọ tó ní SMA kò ní agbára yẹn, orí ìjókòó ló wà láti àárọ̀, eékún ká, ẹsẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ ń fi ọwọ́ na ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ń ká fún gbogbo wákàtí tó kù. POP ń di ẹsẹ̀ mú níbi tó nà dé, tọ̀sán-tòru, iṣan á sì máa gùn díẹ̀díẹ̀ láti bá ibẹ̀ mu. A kì í fi agbára ṣe é. Ohun tí ẹsẹ̀ bá fún wa lọ́sẹ̀ yìí la ó gbà, a ó tún béèrè díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. POP kan lè wà lára fún ọ̀sẹ̀ kan, nígbà mìíràn méjì. Bí a bá tú u lẹ́ẹ̀mejì léra wọn tí dígírì tí a fi ń wọn bí ẹsẹ̀ ṣe nà tó kò sún, a máa dúró.

Nǹkan mẹ́ta ni mo máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn òbí SMA ju ti ẹlòmíràn lọ.

Èkíní, ọmọ wọ̀nyí ń mọ ìrora bí èmi àti ẹ̀yin. Iṣan ni àìsàn náà ń mú rọ, kò mú ìmọ̀lára lọ. Bí Àkànkẹ́ bá ní ibì kan ń ta òun nínú POP, ẹ má sọ pé ìwà ọmọdé ni. Ẹ tẹ èékánná ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ títí tó fi funfun, kẹ́ ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Kó pọ́n padà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2 sí 3. Èékánná ni kẹ́ ẹ wò o, torí awọ wa dúdú, ó lè fi nǹkan pa mọ́. Bí kò bá pọ́n padà, bí ìka bá tutù, wú, tàbí kú tipiri, bí òórùn bá ń jáde, bí ibà bá dé, bí ìrora bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti gbé ẹsẹ̀ sókè, tàbí bí POP bá rẹ sómi, ọsibítù lóru ọjọ́ náà. Ẹ má dúró de àpọ́íńmẹ́ǹtì.

Èkejì, ọmọ yìí kò lè dá yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì, POP sì tún máa wúwo lé e. Ẹ̀yin lẹ máa máa yí i. Ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ ojúgun, kí gìgísẹ̀ má kan nǹkan kan, kó dúró sínú afẹ́fẹ́. Gìgísẹ̀ ni egbò ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, egungun ọmọ tí kì í dúró kì í le. Bẹ́ ẹ bá ń gbé e, ọwọ́ kan lábẹ́ itan, èkejì lábẹ́ POP, kí ẹsẹ̀ má fì dirodiro. Bí owó bá tó o, èyí tí wọ́n fi fáíbà ṣe fúyẹ́ ju ti funfun lọ, ó sì dára fún ọmọ tí kò lágbára.

Bó bá ń wúkọ́ tàbí àyà rẹ̀ ń dún, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n fi POP sí i, ẹ sún un di ìgbà tí ara rẹ̀ bá yá.

Ọmọ Ajílété

Kí ló dé tẹ́ ò kúkú gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn bàbá tó ń to eegun? Mo jábọ́ lórí ọ̀kadà, bàbá kan ló to apá mi, ó jinná ṣáṣá. Owó kékeré.

Màmá Kẹ́hìndé, Sábó

Apá tìẹ dá, ẹ̀gbọ́n. Ti Àkànkẹ́ kò dá, kò sì yẹ̀. Kí ni bàbá fẹ́ tò? A gbé Kẹ́hìndé lọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, kí á tó mọ orúkọ àìsàn náà. Wọ́n fi àdí àti ata pa á lẹ́sẹ̀, wọ́n fa eékún, mo gbọ́ "kà". Itan ló dá. Egungun tí físíò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ yẹn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lábàá níbí mọ́.

Ọmọ Ajílété

Ẹ má bínú, màmá. Mi ò mọ̀.

Bàbá Dáre, Ọ̀yọ́

Gbogbo yín ń sọ ti ìgbà tí POP wà lára. Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti ọjọ́ tí wọ́n tú u tán, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti rẹ́ wa jẹ.

A ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì fún Dáre. Ní ẹ̀ẹ̀kíní, mo gbọ́ òórùn kan ní ọjọ́ kẹrin, bíi ti aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi tí wọ́n gbàgbé. Mo pe ọsibítù tí a ti ṣe é, n kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní òógùn ni, kí n dúró di ọjọ́ Mọ́ńdè. Mo dúró. Ọjọ́ Mọ́ńdè tí wọ́n gé e, ihò ti wà ní gìgísẹ̀ ọmọ mi, ó tó ojú kọ́bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló gbà kó tó jinná. Títí dòní, bí mo bá rántí Sátidé àti Sọ́ńdè yẹn, inú ń bí mi sí ara mi ju sí wọn lọ.

A tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹsẹ̀ balẹ̀ dáadáa, ìyá rẹ̀ jó. Wọ́n ní ká máa lọ sílé, ká padà wá lẹ́yìn oṣù méjì láti wá wọn bírésì, ohun tí ọmọ máa ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ kó má baà ká padà. Oṣù méjì! Nígbà tí a fi padà dé, ẹsẹ̀ ti ká padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé a kò ṣe nǹkan kan. Gbogbo owó ọkọ̀ Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn, gbogbo òru, ó wọlẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, ibòmíràn la lọ, mo sì ti gbọ́n. Ìyá Àkànkẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi POP àkọ́kọ́ sí i kẹ́ ẹ tó mọ ẹni tó máa ṣe bírésì àti owó rẹ̀. Bírésì ló wọ́n, ẹ kọ́kọ́ wá owó rẹ̀. Bí kò bá sì tíì délẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tú ti ìkẹyìn, ẹ ní kí wọ́n má gé e dànù. Kí wọ́n la á sí méjì gbọọrọ bí igbá, ìdajì ẹ̀yìn kan, ìdajì iwájú kan, kí wọ́n fi òwú tẹ́ inú rẹ̀. Báńdéèjì lẹ máa fi dì í mọ́ ọn lálaalẹ́ títí bírésì á fi dé. Ohun tí a fi gba ti ẹ̀ẹ̀kejì là nìyẹn. Ọdún kejì rèé, ẹsẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Físíò Àdúgbò

Bàbá Dáre, ẹ ṣeun, ẹ kú àfaradà. Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ. POP tí kò ní bírésì lẹ́yìn, kẹ́ ẹ má ṣe é rárá sàn. Ìlànà ìtọ́jú SMA tí àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ kọ jáde ní 2018 sọ pé ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀ ni kí ọmọ máa wọ bírésì, láti wákàtí kan títí dé gbogbo òru. Ọmọ á dàgbà, egungun á máa gùn, ẹ ó tún un ṣe nígbà mìíràn. Kì í ṣe àṣìṣe ẹnikẹ́ni.

Ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní oògùn ti wà fún SMA. Ṣé oògùn yẹn kò ní na ẹsẹ̀ náà, kí á kúkú máa tọ́jú owó?

Físíò Àdúgbò

Oògùn wà lóòótọ́. Nusinersen tí wọ́n ń gún sí ẹ̀yìn, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní Oṣù Kejìlá 2016. Onasemnogene dé ní 2019, risdiplam tí wọ́n ń mu lẹ́nu dé ní 2020. Iṣan tó kù ni wọ́n ń bá ọmọ dì mú. Oríkèé tó ti kákò, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń nà án. Ọmọ tó ń lo oògùn gan-an ṣì nílò nínà àti bírésì.

Lórí Kẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin màmá, ẹ̀yin bàbá, mo yíká ẹsẹ̀ o, nínú kẹ̀kẹ́ ni mo wà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí POP wà lára òun fúnra rẹ̀ náà sọ tirẹ̀.

Oríṣi kẹta ni tèmi. Mo rìn títí mo fi pé ọmọ ọdún 16. Ìgbà tí mo di ọmọ ọdún 22 ni mo ṣe POP, ọrùn ẹsẹ̀ àti eékún. Nínú ọkàn mi lọ́hùn-ún, mo ti yan bàtà tí màá fi rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé mo máa rìn, kò sì sẹ́ni tó sọ pé mi ò ní rìn. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú ti ìkẹyìn, físíò ń pe dígírì, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, èmi ń sunkún.

Nǹkan tí mo rí nínú rẹ̀ kò kéré. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi tẹ́ sórí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé kẹ̀kẹ́, kì í yọ̀ bọ́ sílẹ̀ mọ́ bí àbúrò mi bá ń tì mí kọjá àwọn kòtò àdúgbò wa. Mo ń wọ bàtà. Mo lè na ẹsẹ̀ sùn. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n ti sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé nǹkan tí a ń wá nìyẹn, ẹkún yẹn ì bá má wáyé. Ìyá Àkànkẹ́, ẹ bi físíò yín: kí ni ẹsẹ̀ yìí máa lè ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹfà tí kò lè ṣe lónìí? Kó dárúkọ nǹkan kan pàtó. Bí dígírì nìkan ló bá ń pè fún yín, ẹ sinmi ná. Kẹ́ ẹ sì bi Àkànkẹ́ fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún méje tí ẹnu rẹ̀ ń sáré, ó ní ohun tó fẹ́.

Ọ̀kan kù. Bí wọ́n bá dá a lábàá fún ọwọ́, ẹ rò ó dáadáa. Ìgbọ̀nwọ́ mi òsì kò nà tán, n kò sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án, torí bó ṣe ká yẹn ni mo fi ń gbé ṣíbí dẹ́nu. Iṣan tí POP bá dá dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ti ẹlòmíràn á padà bọ̀ sípò. Tiwa lè má padà.

Ìyá Àkànkẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún bàbá rẹ̀. Mo bi Àkànkẹ́ ohun tó fẹ́. Ó ní òun fẹ́ wọ bàtà pupa, kí òun sì dúró nínú férémù tí kápẹ́ńtà kàn fún òun, ní àsẹ́ḿbílì àárọ̀ nílé-ìwé, "kí n yé wo ìdí àwọn èèyàn." Mo rẹ́rìn-ín títí, mo wá rò ó: òótọ́ ni, ibi tí ojú rẹ̀ mọ nìyẹn láràárọ̀. Mo sọ ọ́ fún físíò, ó ní bí ẹsẹ̀ bá lè dúró ṣánṣán, ó ṣeé ṣe. A ti wọn bírésì. Mọ́ńdè la bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Àkànkẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́ (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin)

Mo ní kí n jábọ̀. Wọ́n tú POP kẹrin lónìí. Dígírì 25 ló kù kí ẹsẹ̀ ọ̀tún tó dúró ṣánṣán nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, 8 ló kù báyìí. Ti òsì lọ́ra, 12 ló kù, 2 péré ló sì fi sún lọ́sẹ̀ yìí. Físíò ní òun á gbìyànjú ẹ̀kan sí i lórí òsì.

Ayùn iná tí wọ́n fi ń gé e dẹ́rù ba Àkànkẹ́ lọ́jọ́ kìíní. Bọ̀dá tó ń gé e kọ́kọ́ gbé ẹnu ayùn náà lé àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ kó rí i, pé gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n, kì í yí. Lẹ́yìn ìyẹn, Àkànkẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń ka oókan, eéjì, ẹ̀ẹ́ta fún bọ̀dá náà. Awọ ẹsẹ̀ ń bó wẹ́wẹ́ bíi ti ejò lábẹ́ POP, mo fẹ́ fi kànìnkànìn ha á, nọ́ọ̀sì gba ọwọ́ mi. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti òrí díẹ̀ ni wọ́n ní.

Ìyá ọkọ mi ló ti di ẹni tó ń yẹ èékánná wò. Lálaalẹ́, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Lóru ọjọ́ kejì ni wọ́n figbe ta pé ọmọ ò pọ́n padà, a sáré gbé e dé ọsibítù ní aago mọ́kànlá. Làálì ìgbéyàwó àǹtí rẹ̀ ló wà lórí èékánná! Nọ́ọ̀sì fi ẹran ìka tẹ̀ ẹ́ wò, ara ọmọ dá ṣáṣá. Wọn ò bá wa wí, wọ́n ní ó sàn ká wá lásán. Ẹ̀yin tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé làálì tàbí kiútẹ̀sì sí ọmọ lẹ́sẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù. Bírésì ti délẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba àyè, kò sí bàtà pupa ọjà tó gbà á. Ẹ mọ oníbàtà tó lè rán èyí tó fẹ̀, tó ṣí dé iwájú?

Màmá Kẹ́hìndé, Sábó

Ẹni tó rán ti Kẹ́hìndé wà nítòsí Tákíè, mo máa fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀. Ẹ gbé bírésì náà dání àti Àkànkẹ́ fúnra rẹ̀, kó má fi ojú díwọ̀n. Kẹ́ ẹ sì tètè sọ pé awọ pupa lẹ fẹ́ o, dúdú ló máa ń rán fún gbogbo ayé.